Ríra Ilé Ìgbàlódé ní Ìgbèríko Puglia, Lẹ́bàá Òkun Ítálì: Ìtọ́sọ́nà láti Ìbẹ̀rẹ̀ dé Ọjọ́ Ìbuwọ́lùwé

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Fasano lọ sí Ostuni àti Carovigno, ní ẹkùn Puglia ní gúúsù Ítálì, yóò rí àwọn ilé funfun tó fọ́n ká sáàárín igi ólífì tó ti gbó gan-an, òkun Adriatic yóò sì máa dán ní ọ̀ọ́kán. Òmíràn nínú àwọn ilé náà jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta kọ́. Òmíràn jẹ́ ilé tuntun olórùlé pẹrẹsẹ, tó ní ògiri gíláàsì àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Irú ilé tuntun yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rà. Mo mú Puglia nítorí pé ibẹ̀ ni òfin ilẹ̀ oko, òfin etíkun, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ igi ti pàdé pọ̀, àti nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ tí ẹ óò bá pàdé níbẹ̀ náà ni ẹ óò bá ní Marche, ní Maremma tàbí ní Sicily.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú látòkè délẹ̀. Ilé méjì ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi hàn yín ní Ítálì: èyí tí ẹ fi ojú rí, àti èyí tó wà nínú fáìlì ìjọba ìbílẹ̀. Èyí tó wà nínú fáìlì ni òfin mọ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, ẹni tó ra ilé ló ra wàhálà rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ni mo ṣe pẹ́ lórí ìwé ju bí mo ṣe pẹ́ lórí ẹwà ilé lọ.

Kí ẹ tó wo ilé kankan

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òfin gbà yín láàyè láti rà. Ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lè rà bí ọmọ Ítálì. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú Ítálì fún iṣẹ́, fún ìdí ẹbí tàbí fún ẹ̀kọ́ náà lè rà, ibi yòówù kó ti wá. Àwọn yòókù wà lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń pè ní condizione di reciprocità, tó ti wà nínú òfin wọn láti ọdún 1942: ohun tí orílẹ̀-èdè yín bá gbà kí ọmọ Ítálì ṣe lọ́dọ̀ yín ni Ítálì yóò gbà kí ẹ ṣe lọ́dọ̀ tirẹ̀. Yorùbá tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kò ní ìṣòro níbí. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, Benin tàbí Togo nìkan ló ní, tí kò sì ní ìwé ìgbélùú Ítálì, gbọ́dọ̀ bi notaio, ìyẹn òṣìṣẹ́ òfin tí ìjọba fún ní àṣẹ láti ṣe ìwé ilé, léèrè kó tó náwó lórí ohunkóhun. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Ítálì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dúró sí, notaio kò sì gbọ́dọ̀ ṣe ìwé ilé fún ẹni tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n yìí.

Ẹ jẹ́ kí èyí náà yé yín dáadáa: ríra ilé kò fún ẹnikẹ́ni ní físà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹnikẹ́ni di olùgbé. Ẹni tó bá fi físà ìbẹ̀wò wọlé kò lè lò ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180, ì báà jẹ́ ilé mẹ́ta ló ní ní Ostuni. Físà kan wà tí wọ́n ń pè ní residenza elettiva fún ẹni tí owó ń wọlé fún láìṣe iṣẹ́, irú bí owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó ilé tó fi háyà. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni, ìwé ilé kò sì tó láti fi gbà á. Ó ń dùn mí láti máa gbọ́ pé àwọn alágàtà kan ń ṣèlérí ohun tó yàtọ̀ sí èyí fún àwọn ènìyàn wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba codice fiscale, ìyẹn nọ́ńbà owó orí tí ẹnikẹ́ni kò lè ra ilé láìní. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gbà á ní ọ́fíìsì Agenzia delle Entrate, ilé-iṣẹ́ owó orí ní Ítálì, tàbí kí ẹ béèrè fún un ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Ítálì níbi tí ẹ ń gbé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé tó fi orísun owó yín hàn jọ: ìwé owó oṣù, ìwé títà ilé mìíràn, àkọsílẹ̀ báńkì. Òfin ìdènà owó àìmọ́ ti ọdún 2007 fi dandan lé e fún báńkì, alágàtà àti notaio láti béèrè, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sì wà nílẹ̀ kò ní máa sáré ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ilẹ̀, omi àti igi

Ẹ má fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan wo ilé. Ní oṣù Kẹjọ, gbogbo ilé etíkun ló lẹ́wà. Ẹ padà lọ ní oṣù Kìíní, nígbà tí afẹ́fẹ́ tramontana bá ń fẹ́ láti àríwá, kí ẹ rí bí ọ̀nà oko ṣe rí lẹ́yìn òjò, kí ẹ fọwọ́ kan ògiri láti mọ̀ bóyá ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀. Gíláàsì gbàgàdà tó mú kí ilé tuntun wu ni lè sọ ọ́ di ààrò lójú oòrùn oṣù Keje bí kò bá ní ìbòjú níta. Ìwé tó ń sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná sí, tí wọ́n ń pè ní APE, jẹ́ dandan fún ẹni tó ń tà. Láti A4 tó dára jùlọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé G. Ilé tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ ìgbàlódé tí ìwé rẹ̀ sì wà ní F kì í ṣe ìgbàlódé rárá, ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún.

Òkúta ẹfun ni ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Puglia, omi òjò kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Odò kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé inú oko ni ẹ̀rọ omi ìjọba kò dé. Àwọn kan ń gbẹ́ kànga jíjìn, ṣùgbọ́n nítòsí òkun omi kànga lè ní iyọ̀. Àwọn mìíràn ń fi ọkọ̀ tánkà pọnmi sínú àgbá abẹ́ ilẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ kànga, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò omi náà, kí ẹ sì mọ iye tánkà tí ilé náà ń rà láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Bákan náà ni ti omi ìdọ̀tí: nínú oko, sókàwé ni ilé ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi kò kéré. Ní ọdún 2013 ni wọ́n rí kòkòrò àrùn Xylella fastidiosa ní agbègbè Gallipoli ní Salento, apá gúúsù Puglia, láti ìgbà náà ló sì ti ń gbéra lọ sí àríwá, tó ń mú kí igi ólífì gbẹ láti orí wá sí ìdí. Ẹni tó bá ra ilé nítorí oko ólífì tó yí i ká gbọ́dọ̀ mọ agbègbè tí ilẹ̀ náà wà nínú àwòrán tí ẹkùn Puglia ṣe lórí àrùn yìí, nítorí ní àwọn ibì kan ìjọba lè pàṣẹ pé kí wọ́n gé igi tó ti kó o. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, òfin ẹkùn Puglia ti ọdún 2007 dáàbò bo àwọn igi ólífì àgbà: ẹ kò lè gé wọn tàbí hú wọn kúrò nítorí pé wọ́n dí ojú òkun mọ́ yín. Odi òkúta tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ǹtì sí náà kì í ṣe ohun tí ẹ lè wó láìbéèrè.

Ẹ tún béèrè nípa iná ìgbẹ́. Òfin ọdún 2000 kan sọ pé igbó tàbí pápá ìjẹko tí iná bá jó kò gbọ́dọ̀ yí padà sí ìlò mìíràn fún ọdún 15, kíkọ́ ilé sórí rẹ̀ sì di èèwọ̀ fún ọdún 10. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní àkọsílẹ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti ìmìtìtì ilẹ̀, Salento wà ní ìpele 4, èyí tó rọrùn jùlọ; Gargano ní òkè àríwá Puglia le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàrá àti ilẹ̀ yíya ni ewu tí mo máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ jùlọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní etíkun ibòmíràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilẹ̀ ya ní Casamicciola ní erékùṣù Ischia, ènìyàn 12 ló sì kú. Àwòrán ewu àgbàrá wà ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí geometra yín, ìyẹn ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tí mo máa ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́, fi ibi tí ilé yín wà hàn yín lórí rẹ̀.

Ìwé: ibi tí ẹ óò ti lo ọ̀pọ̀ àkókò yín

Geometra ni orúkọ ẹni tí ẹ nílò ní ìpele yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ ti ẹni tó ń wọn ilẹ̀ àti ti ẹni tó ń ya àwòrán ilé. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá a, kí ẹ sì sanwó rẹ̀. Ẹ má gba èyí tí ẹni tó ń tà tàbí alágàtà bá mú wá. Ẹ rán an lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ufficio tecnico, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọwọ́ onílé, kó lọ wo fáìlì ilé náà látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìjọba ìbílẹ̀ tó dáhùn. Ẹ dúró. Bí ẹni tó ń tà bá ní kí ẹ má dúró, ẹ ti rí ìdáhùn kan gbà nìyẹn.

Ohun tí geometra ń wá ni pé kí ilé tó dúró lórí ilẹ̀, ilé tó wà nínú ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti ilé tó wà nínú àwòrán catasto jẹ́ ọ̀kan náà. Catasto ni àkọsílẹ̀ tí ìjọba fi ń ṣírò owó orí lórí ilé àti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjèjì rò pé ìwé catasto ni ẹ̀rí ẹni tó ni ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ẹni tó ni ilé wà nínú ìwé ríra tàbí ìwé ogún tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú registri immobiliari, níbi tí gbèsè báńkì àti ẹjọ́ tó bá wà lórí ilé náà ti máa ń fara hàn pẹ̀lú. Láti ọdún 2010 ni òfin sì ti sọ pé àdéhùn títà ilé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí kò bá sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ pé àwòrán catasto bá ilé náà mu.

Ilẹ̀ oko ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí dúró lé, ìyẹn ilẹ̀ tí ètò ìlú kà sí zona E. Láti ọdún 1968 ni àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti fi òdiwọ̀n lé ilé gbígbé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó pọ̀ tán, 0.03 kúbíìkì mítà ilé fún mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun mẹ́rin, ó sì fàyè gba 300 kúbíìkì mítà. Bí àjà bá wà ní mítà 3 sókè, ilé tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin péré nìyẹn. Bí wọ́n bá wá fi ilé tuntun tó fẹ̀ tó 250 mítà onígun mẹ́rin hàn yín lórí ilẹ̀ tí kò ju 4,000 lọ, ẹ béèrè ibi tí àyè ìkọ́lé 750 kúbíìkì mítà náà ti wá, nítorí hẹ́kítà méjì àbọ̀ ni ó yẹ kó ní.

Ìdáhùn rere lè wà. Ó lè jẹ́ pé onílé so ilẹ̀ mìíràn mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń pè ní asservimento, pé ó fi àyè ìkọ́lé ilẹ̀ kejì kọ́lé sórí ti àkọ́kọ́. Ìwé rẹ̀ yóò wà. Ó lè jẹ́ pé ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n wó tí wọ́n sì tún kọ́ ní ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn burúkú wọ́pọ̀ pẹ̀lú: yàrá kejì jẹ́ àká irin-iṣẹ́ oko nínú ìwé, yàrá kẹta jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì dí, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sì jẹ́ àgbá omi ìbomirin. Ìkọ́lé tí kò ní àṣẹ ni wọ́n ń pè ní abuso edilizio. Àṣẹ pé kí wọ́n wó o kì í tẹ̀ lé ẹni tó kọ́ ọ lọ; ilé ló ń tẹ̀ lé, ọwọ́ yín ni yóò sì bá a, kódà lẹ́yìn ogún ọdún.

Ẹni tó ń tà lè sọ fún yín pé ó ti sanwó ìforíjì. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìjọba Ítálì ti ṣí ilẹ̀kùn ìforíjì, tí wọ́n ń pè ní condono: ní 1985, ní 1994 àti ní 2003. Ẹ má gba ìwé ìbéèrè bí ẹni pé ìwé àṣẹ ni. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ló ṣì wà nínú fáìlì láìní ìdáhùn, bí ilé bá sì wà lórí ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò, ìjọba lè kọ̀ ọ́. Ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí gan-an ni kí ẹ béèrè. Wọ́n tún lè sọ pé wọ́n kọ́ ilé náà ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, nígbà tí ilé tó wà lẹ́yìn ìlú kì í sábà nílò àṣẹ. Ògbólógbòó ilé inú ọgbà lè wà lábẹ́ èyí, àmọ́ apá tuntun tí wọ́n so mọ́ ọn kò lè sá sábẹ́ rẹ̀.

Bí ilé bá ti súnmọ́ òkun, òfin á túbọ̀ le. Láti ọdún 1985 ni gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín mítà 300 sí etí òkun ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 2004 lórí ogún àṣà àti ẹwà ilẹ̀ sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí ìrísí ìta ilé padà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní autorizzazione paesaggistica. Ètò tí Puglia fọwọ́ sí ní ọdún 2015, PPTR, tún fa irú ààbò yìí wọ inú ilẹ̀. Etí òkun fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba. Kò sí ẹni tó lè tà á. Bí wọ́n bá sọ pé ilé náà ní iyanrìn etíkun tirẹ̀, ohun tó lè jẹ́ jùlọ ni ìwé àyálò tó ní ọjọ́ ìparí.

Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Castel Volturno, ní Campania, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ṣe ibùgbé, mọ ohun tí mo ń sọ. Ní Villaggio Coppola tó wà níbẹ̀, ilé gogoro mẹ́jọ tí wọ́n kọ́ sí etíkun ni ìjọba wó lulẹ̀ láàárín ọdún 2001 sí 2003, nítorí pé orí ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n ti kọ́ wọn láìbófinmu.

Ohun kan tó kù tí àwọn tó ń ra ilé oko máa ń gbàgbé ni àgbẹ̀ aládùúgbò. Òfin 1965 àti ti 1971 sọ pé bí ilẹ̀ oko bá fẹ́ di títà, àgbẹ̀ tó ń dá oko lórí rẹ̀, tàbí àgbẹ̀ tí ilẹ̀ tirẹ̀ bá a pààlà, ló ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ láti rà á ní iye kan náà. Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ fi àdéhùn náà ránṣẹ́ sí i, kó sì fún un ní ọjọ́ 30. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ náà lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, iye tó sì wà nínú ìwé ni yóò san fún yín. Ọgbà tó jẹ́ apá kan ilé yàtọ̀ sí oko ólífì hẹ́kítà méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Notaio ni kó pinnu èwo ni èwo, kí àgbẹ̀ aládùúgbò sì fi ìwé sílẹ̀ pé òun kò rà. Bí ilẹ̀ tó tẹ̀ lé ilé bá tó 5,000 mítà onígun mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé mìíràn tó ń sọ ìlò ilẹ̀ náà, CDU, gbọ́dọ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ wá. Ẹ wo ọ̀nà tó wọ ilé náà pẹ̀lú: bí ó bá gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, ẹ̀tọ́ ìgbà kọjá náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kì í ṣe nínú ọ̀rẹ́ tó wà láàárín onílé àti aládùúgbò rẹ̀.

Ìwé ìfilọ̀ owó àti àdéhùn àkọ́kọ́

Alágàtà yóò gbé ìwé kan fún yín tí wọ́n ń pè ní proposta d'acquisto, yóò sì sọ pé kí ẹ kàn buwọ́ lù ú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ yín dúró. Ìwé yìí kì í ṣe eré. Bí ẹni tó ń tà bá ti gbà á, tí ẹ sì ti gbọ́ pé ó gbà á, ó ti di àdéhùn tó de ẹ̀yin méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má buwọ́ lù ú títí geometra yóò fi dé pẹ̀lú ìròyìn. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ condizione sospensiva sínú rẹ̀, pé kò ní fìdí múlẹ̀ àyàfi bí ìwé ilé bá pé, tí báńkì bá sì yá yín lówó bí ẹ bá ń yá. Ẹ rí i pé alágàtà náà wà nínú ìforúkọsílẹ̀ Camera di Commercio, ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ àwọn oníṣòwò sílẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó alágàtà lábẹ́ òfin 1989.

Lẹ́yìn èyí ni compromesso, àdéhùn àkọ́kọ́ gan-an. Àsansílẹ̀ tó máa ń bá a rìn sábà máa ń wà láàárín 10% sí 20%. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pè é. Bí wọ́n bá kọ caparra confirmatoria, ẹ óò pàdánù rẹ̀ bí ẹ̀yin bá yẹ àdéhùn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tà bá yẹ̀ ẹ́, ìlọ́po méjì ni yóò dá padà fún yín. Bí wọ́n bá kọ acconto, owó apá kan lásán ni, kò ní ààbò yìí. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ fún owó orí láàárín ọjọ́ 30. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí àsansílẹ̀ bá pọ̀, tí ọjọ́ ìparí sì jìnnà, kí ẹ ṣe é níwájú notaio, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú registri immobiliari. Èyí ni wọ́n ń pè ní trascrizione: bí onílé bá wá tà á fún ẹlòmíràn tàbí tí olówó rẹ̀ bá wá fi ẹjọ́ dí i, tiyín ló ṣáájú. Ẹni tó ti rà ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni mẹ́ta nílé yóò mọyì rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé, òfin 2005 ni kí ẹ dì mú. Ó gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé onídùúró láti báńkì tàbí adójútòfò lórí gbogbo owó tí ẹ bá san ṣáájú, kó sì fún yín ní ìwé adójútòfò ọdún 10 lórí ìpìlẹ̀ àti ara ilé lọ́jọ́ tó bá kó o fún yín. Láti oṣù Kẹta ọdún 2019, notaio ló gbọ́dọ̀ ṣe irú àdéhùn àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀.

Owó tí ẹ óò san yàtọ̀ sí owó ilé

Ẹ jẹ́ ká mú ilé tí wọ́n ń tà ní 400,000 yúrò, tí rendita rẹ̀ nínú catasto, ìyẹn owó tí ìjọba fojú bù pé ilé lè mú wọlé lọ́dún fún ìṣirò owó orí, jẹ́ 1,500. Bí ẹni tó ń tà kì í bá ṣe oníṣòwò, tí ẹ sì béèrè nínú ìwé fún ìlànà prezzo-valore, orí iye catasto ni wọn yóò ti ṣírò owó orí, kì í ṣe orí 400,000. Fún ilé kejì, ẹ fi 126 sọ rendita di púpọ̀: 189,000. 9% rẹ̀ jẹ́ 17,010 yúrò, pẹ̀lú 100 yúrò fún ìforúkọsílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibùgbé yín àkọ́kọ́, 115.5 ni ẹ óò fi sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 173,250, 2% rẹ̀ sì jẹ́ 3,465. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀dínwó yìí gbọ́dọ̀ kó ibùgbé rẹ̀ wá sí ìjọba ìbílẹ̀ náà láàárín oṣù 18. Ẹni tó ń gbé London tó ń wá sí Puglia fún ìsinmi kò lè gbà á láìpurọ́, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì kéré.

Bí kọ́lékọ́lé bá tà á pẹ̀lú IVA, ìyẹn owó orí ọjà títà, orí owó gidi ni ìṣirò wà: 10% fún ilé kejì, ìyẹn 40,000 yúrò, àti 600 yúrò lé e, 4% fún ibùgbé àkọ́kọ́. Ẹ wo ẹ̀ka tí catasto fi ilé sí. A/7 ni ilé ọlọ́gbà lásán. A/8 ni vila olówó ńlá, 22% sì ni IVA rẹ̀, tó di 88,000 lórí ilé kan náà, kò sì sí ẹ̀dínwó ibùgbé àkọ́kọ́ fún un. Oko tó bá wà lẹ́yìn ọgbà, tí a kò kà mọ́ ilé, 15% ni ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ ń san lórí iye rẹ̀. Owó alágàtà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 3% láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú IVA 22%: lórí 400,000, ó di 14,640. Ẹ fi owó notaio, ti geometra àti ti ògbufọ̀ kún un.

Ẹ má gbà láé kí wọ́n kọ iye tó kéré sínú ìwé kí ẹ sì fi ìyókù san lọ́wọ́. Òfin kò gba owó tó bá tó 5,000 yúrò lọ́wọ́, mo sì ti sọ ohun tí àgbẹ̀ aládùúgbò lè fi iye inú ìwé ṣe.

Ọjọ́ ìbuwọ́lùwé

Notaio kì í ṣe lọ́yà yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Ìjọba ló fún un ní àṣẹ, àárín ló sì wà. Àmọ́ ẹni tó ń rà, tó ń sanwó rẹ̀, ló ní ẹ̀tọ́ láti yàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín. Yóò ka ìwé náà sókè látòkè délẹ̀ níwájú gbogbo yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè Ítálì, òfin notaio ti ọdún 1913 gbà kí ìwé náà wà ní èdè méjì bí òun fúnra rẹ̀ bá gbọ́ èdè yín, tàbí kí ògbufọ̀ jókòó tì yín. Ẹ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ kà á nílé.

Ẹni tí kò bá lè wá lè fi ìwé àṣẹ, procura, rán aṣojú. Bí ẹ bá ṣe é ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Ítálì ní ìlú tí ẹ ń gbé, kò tún nílò àǹtẹ̀ mìíràn. Wọn yóò bi yín bóyá ẹ ti gbéyàwó tàbí ẹ ní ọkọ, àti bóyá ohun ìní yín jẹ́ àpapọ̀ tàbí olúkúlùkù ló ni tirẹ̀. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀ nìkan yẹ kó sọ ọ́ fún notaio ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, nítorí ìwé tí yóò fi hàn á gba àkókò.

Láti ọdún 2017 ni òfin ti fún ẹni tó ń rà láǹfààní láti sọ pé kí owó ilé wà lọ́wọ́ notaio, nínú àpò báńkì ọ̀tọ̀, títí tí yóò fi forúkọ ilé náà sílẹ̀ tán tí ó sì rí i pé gbèsè tuntun kò yọjú. Deposito prezzo ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń tà kì í fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin, ẹ béèrè fún un.

Lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bá ti dé ọwọ́ yín

Owó orí ọdọọdún lórí ilé kejì ni IMU, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá sì ni wọ́n ń san án. Fún rendita 1,500, wọn yóò fi 1.05 àti 160 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 252,000. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń gba 1.06%, 2,671 yúrò àti díẹ̀ lọ́dún nìyẹn. Ìwé kankan lè má dé láti rán yín létí. TARI ni owó pàǹtírí, òun náà ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi ilé háyà fún àlejò ìgbà kúkúrú, ẹ gba CIN, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀, kí ẹ tó gbé àwòrán rẹ̀ síta.

Ọ̀rọ̀ ogún náà wà níbẹ̀. Òfin Ítálì ń fi ipá pín apá kan ogún fún ọkọ tàbí aya àti àwọn ọmọ, ohunkóhun tí ìwé ìhágún ì báà sọ. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nọ́ńbà 650 ti ọdún 2012, gba ènìyàn láàyè láti kọ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé òfin orílẹ̀-èdè tí òun jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ẹni tó ní ìdílé púpọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ti notaio lórí èyí lọ́dún àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó fi ìbòjú igi sí ẹ̀yìn ilé, kí ẹ tó fẹ ojú fèrèsé, kí ẹ tó gbẹ́ ihò fún adágún kejì, ẹ pe geometra tó ṣe àyẹ̀wò fún yín níbẹ̀rẹ̀, kó gba àṣẹ ní ìjọba ìbílẹ̀, kó sì yí àwòrán catasto padà bí iṣẹ́ bá ti parí. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sínú fáìlì kan náà tí ìwé ríra wà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin tàbí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ tà á, geometra ẹlòmíràn ni yóò wá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́.